Ìgbà Kẹrin: Ṣé Ká Gbá Bọ́ọ̀lù Lọ Ni, Àbí Ká Forí Lé E?

(Ọ̀rọ̀ tí ádímìn sọ nínú voice note mẹ́ta, tí a kọ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé e.)

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n má fi ọ̀rọ̀ òṣèlú ṣe ti ọ̀sẹ̀ yìí, mo ti gbọ́. Ìtàn bọ́ọ̀lù la máa sọ, àmọ́ kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí ẹ mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí gbogbo wa mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1994, Nàìjíríà àti Ítálì, nínú ìdíje Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà. Emmanuel Amunike ti gbá góòlù wọlé láti ìdajì àkọ́kọ́. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú 15, rẹfirí lé Zola jáde, Ítálì wá ku èèyàn 10. Ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ ń wò wá lójú, Nàìjíríà kò sì débẹ̀ rí. Ìbéèrè kan ló wà nílẹ̀: ṣé ká wá góòlù kejì ni, àbí ká máa gbá bọ́ọ̀lù dànù títí rẹfirí á fi fọn fèrè? Ó ku ìṣẹ́jú 2 péré, Roberto Baggio dá góòlù padà. Nínú àfikún àkókò, ó fi pẹ́nárítì parí ọ̀rọ̀. 2-1. Ẹ bi àwọn tó wo bọ́ọ̀lù ọjọ́ yẹn, àríyànjiyàn náà kò tíì tán.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé Foxboro Stadium, pápá tí wọ́n ti gbá a, kì í ṣe ilé bọ́ọ̀lù tiwa. Ilé àwọn New England Patriots ni nígbà náà, ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tó ṣe ṣóńṣó lórí àti nídìí, tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré. Nínú eré tiwọn yẹn, irú ìbéèrè tó bá wa lọ́jọ́ náà ń dé bá kóòṣì lọ́pọ̀ ìgbà nínú ìdíje kan ṣoṣo. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sínú òfin eré.

Ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé, kò le. Èèyàn 11 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Pápá náà gùn tó 100 yáàdì, yáàdì kan náà tí a fi ń wọn áńkárá lọ́jà. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn ní ìgbà mẹ́rin láti gbé e síwájú ní 10 yáàdì. Tí wọ́n bá rí i ṣe, wọ́n á tún gba ìgbà mẹ́rin mìíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi wọ inú ilé ọ̀tá, níbi tí wọ́n ti ń gba àmì 6. Tí ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tán tí 10 yẹn kò pé, ọ̀tá á gba bọ́ọ̀lù níbi tó wà gan-an. Ó wá di ìgbà kẹrin, ó ku yáàdì 2. Kí lo máa ṣe? O lè fẹsẹ̀ gbá a jìnnà, bíi 40 yáàdì, kí ọ̀tá lọ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Tí o bá sún mọ́ òpó wọn, o lè gbá a gba àárín òpó kọjá fún àmì 3. Tàbí kí o ní yáàdì 2 yìí, mo máa forí lé e. Tó bá bọ́ sí i, ayọ̀ dé. Tí kò bá bọ́ sí i, o ti gbé oúnjẹ fún ọ̀tá ní ẹnu ọ̀nà rẹ.

Níbẹ̀rẹ̀, kò sí ìgbà kankan láti kà. Ẹgbẹ́ tó bá gba bọ́ọ̀lù lè dì í mú bó ṣe wù ú. Ní 1881, Yale àti Princeton, ilé ẹ̀kọ́ gíga méjì, ṣe bẹ́ẹ̀: ẹgbẹ́ kan di bọ́ọ̀lù mú ní ìdajì àkọ́kọ́, èkejì dì í mú ní ìdajì kejì, wọ́n sì lọ ilé ní òdo sí òdo. Inú àwọn òǹwòran ò dùn rárá. Ní 1882, Walter Camp ti Yale mú òfin tuntun wá pé ìgbà mẹ́ta fún yáàdì 5. Eré náà le, àwọn ọ̀dọ́ ń kú sínú rẹ̀, débi pé Ààrẹ Theodore Roosevelt pe àwọn olórí eré jọ ní 1905. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbà kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù síwájú, wọ́n sì sọ yáàdì 5 di 10. Ìgbà mẹ́ta wá kéré jù. Ní 1912, wọ́n fi ìgbà kẹrin kún un.

Ṣé ẹ rí i? Wọ́n fi ìgbà kẹrin kún un kí ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù lè rí àyè rìn síwájú ni. Àwọn kóòṣì sọ ọ́ di ìgbà tí a ń gbá bọ́ọ̀lù dànù.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro fún ẹni tó bá ń tajà. Ọmọọṣẹ́ tó kó owó ọ̀gá pamọ́, tí kò ra ọjà, tí ọjà wá wọ́n, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Wọ́n á ní bí ìlú ṣe rí ni. Èyí tó fi owó ra ọjà tí ọjà wá já wálẹ̀, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Kóòṣì tó gbá bọ́ọ̀lù lọ tó pàdánù, wọ́n á ní àwọn ọmọ ò gbìyànjú. Èyí tó forí lé e tí kò bọ́ sí i, òun fúnra rẹ̀ ló pàdánù.

Àwọn tó mọ ìṣirò ti ń kígbe tipẹ́. Ní 1971, Virgil Carter, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Cincinnati Bengals, àti ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Robert Machol ṣírò iye tí bọ́ọ̀lù jẹ́ níbi kọ̀ọ̀kan lórí pápá. Wọ́n rí i pé ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́bàá ilé ara rẹ̀, ọ̀tá rẹ̀ ló sún mọ́ àmì jù ú lọ. Ìyẹn ni pé tí o bá forí lé e nítòsí ilé ọ̀tá tí kò bọ́ sí i, gbèsè ṣì wà lọ́rùn ọ̀tá. Ní 2002, David Romer, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀ ajé ní Berkeley, kó ìdíje ọdún mẹ́ta jọ. Ó rí i pé níbi tí ìṣirò ti sọ pé kí wọ́n forí lé e, àwọn kóòṣì ń gbá a lọ ní bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Àwọn èèyàn tí wọ́n ń gba owó ńlá láti ronú o!

Ẹ wá wo Bill Belichick, tó jẹ́ kóòṣì àwọn Patriots wa ti Foxboro nígbà kan rí. Ètò ọrọ̀ ajé ló kà ní yunifásítì. Ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá 2009, wọ́n fi 34 sí 28 na Colts, ó ku ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 8. Ìgbà kẹrin, ó ku yáàdì 2, wọ́n sì wà ní yáàdì 28 ilé ara wọn. Gbogbo ayé ń retí kó gbá a lọ. Ṣùgbọ́n Peyton Manning ló ń dúró de bọ́ọ̀lù ní òdìkejì, ẹni tí 70 yáàdì kì í dẹ́rù bà. Belichick forí lé e. Tom Brady ju bọ́ọ̀lù sí Kevin Faulk, ó mú un, àmọ́ rẹfirí ní kò tó. Manning gbà á, ó sì parí iṣẹ́: 35-34. Èébú tí ọkùnrin yìí jẹ lọ́sẹ̀ yẹn kò ní òǹkà. Lójú tèmi, ohun tó ṣe dára, ohun tó rí gbà ni kò dára. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ife-ẹ̀yẹ mẹ́ta tó ti gbà ṣáájú ni kò jẹ́ kí wọ́n lé e. Kóòṣì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ẹ má gbọ́ mi sódì o, n kò sọ pé gbígbá bọ́ọ̀lù lọ jẹ́ ojo. Brendon Ayanbadejo, ọmọ bàbá ará Nàìjíríà, orúkọ ìdílé onílù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n yàn án sínú àwọn tó dáa jù lọ́dún nítorí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn tó ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá. Òun àti Baltimore Ravens gba Super Bowl ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 2013. Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 12, wọ́n wà níwájú pẹ̀lú 34 sí 29, ìgbà kẹrin sì dé bá wọn ní yáàdì 8 ilé ara wọn. Tí wọ́n bá gbá a, ọ̀tá lè dí i. Kí ni wọ́n ṣe? Sam Koch, agbábọ́ọ̀lù wọn, gbé bọ́ọ̀lù rìn kiri nínú ilé ara rẹ̀ títí ìṣẹ́jú-àáyá 8 fi lọ, ó sì jáde síta. Òfin fún ọ̀tá ní àmì 2. Wọ́n fọwọ́ ara wọn fún un! 34-31, àkókò sì tán lọ́wọ́ ọ̀tá. Ẹni tó bẹ̀rù èébú kò lè ṣe ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni 2018, ọjọ́ 4 oṣù Kejì, Super Bowl, Philadelphia Eagles àti Belichick yìí kan náà. Àwọn ọmọ wa méjì wà nínú Eagles: Jay Ajayi, tí àwọn òbí rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bí sí Lọ́ńdọ̀nù, àti Nelson Agholor, tí wọ́n bí sí Èkó. Kí ìsinmi tó dé, ó di ìgbà kẹrin ní yáàdì 1. Àmì 3 wà nílẹ̀ bí owó inú àpò. Kóòṣì Doug Pederson kọ̀ ọ́, wọ́n ta ọgbọ́n, Nick Foles tó yẹ kó ju bọ́ọ̀lù ni wọ́n ju ú sí, ó sì wọlé. Lẹ́yìn ìsinmi, ó ku ìṣẹ́jú 5 àti díẹ̀, wọ́n ti fi àmì 1 ṣẹ́yìn, ìgbà kẹrin tún dé, nínú ìdajì pápá tiwọn! Wọ́n forí lé e, ó bọ́ sí i. Agholor gba bọ́ọ̀lù léraléra lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sì wọlé. 41-33, Super Bowl àkọ́kọ́ tí Eagles gbà.

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ kóòṣì ti ń forí lé e. Èébú ò tíì tán ṣá. Ní oṣù Kíní 2024, Dan Campbell ti Detroit Lions wà níwájú pẹ̀lú 24 sí 7, Super Bowl ku ìdajì eré kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ àmì 3 ní ìgbà kẹrin, ẹ̀ẹ̀mejèèjì kò bọ́ sí i. Wọ́n fi 34 sí 31 nà á. Ẹ ka iye tó wà láàárín. Ó ní òun kò kábàámọ̀. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ kò lé e, ọdún yẹn náà ni wọ́n bọ̀ wá borí nínú ìdíje 15 lára 17.

Ó tó báyìí, àwọn oníbàárà ń pè mí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fèsì, ẹ jọ̀ọ́, kí voice note yín má ju ìṣẹ́jú 2 lọ.