Ìkìrun gba Òkukù, àwa ń kọ́?



Lọ́jọ́ Àìkú, ẹnì kan bi mí pé: "Pásítọ̀, àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé, tí wọ́n wá ń gbé àárín wa yìí, ìgbà wo ni wọ́n máa lọ?"

Ẹ jẹ́ n rán wa létí. Nígbà ogun Jálumi, lọ́dún 1878, tọmọdé tàgbà Òkukù sá lọ sí Ìkìrun. Ogun ọ̀hún ti dé ẹnu ibodè Ìkìrun fúnra rẹ̀ o! Síbẹ̀ wọ́n gbà wọ́n, wọ́n sì jọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Òótọ́ ni, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ àwọn baba wa tó gbé Gánà ńkọ́? Lọ́dún 1969, ìjọba Busia fún àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi máa lọ. Ẹkún ni wọ́n sun délé.

Jésù pàápàá sá lọ sí Íjíbítì ní ọmọ ọwọ́.

Ká fojú ṣọ́ ìlú wa, kò burú. Àmọ́ ká tó béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti jẹun.