Ojúṣe Ìṣọ́ra Ìjọba Nínú Òfin Àìbìkítà

Ojúṣe ìṣọ́ra ni ẹrù tí òfin dì lé ènìyàn lórí pé kò gbọdọ̀ fi àìbìkítà pa ẹlòmíràn lára. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹrù yìí kan ọlọ́pàá àti iléeṣẹ́ ìjọba náà.

Ní 1962, ọ̀dọ́ ẹlẹ́wọ̀n méje sá lóru ní erékùṣù Brownsea, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn ti lọ sùn. Wọ́n ba ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi oníǹkan jẹ́. Ní 1970, àwọn adájọ́ àgbà sọ pé iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkóso wọn jẹ olówó ọkọ̀ náà ní ojúṣe ìṣọ́ra.

Ní Huddersfield, ọlọ́pàá tó fẹ́ mú ẹni tó ń ta oògùn olóró bì lu ìyá ẹni ọdún 76 láàárín ìgboro. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ìyá náà láre ní 2018.

Àmọ́ kí ìjọba pani lára yàtọ̀ sí kó kùnà láti gbani. Obìnrin kan tẹ ọlọ́pàá láago pé ẹnìkan fẹ́ pa òun. Kí wọ́n tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ ṣe lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 2015 dunni: adájọ́ márùn-ún nínú méje ní ọlọ́pàá kò jẹ ẹ́ ní ojúṣe kankan lábẹ́ òfin àìbìkítà.