Òkè Èkìtì àti Ilẹ̀ Gíga: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìtàn Eré-ìdárayá, 1968 sí 2013

Ilẹ̀ olókè ni Èkìtì. Ọ̀pọ̀ gbà pé láti ara "òkìtì" ni orúkọ rẹ̀ ti jáde. Ẹni tí ń gun Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ̀ pé òkè a máa mú ẹsẹ̀ le. Nítorí náà, ó rọrùn láti rò pé kò sí òkè tí ó lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lágara. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé èrò náà kò tọ̀nà. Adó-Èkìtì kò fi ju nǹkan bí mítà 450 ga ju òkun lọ. Bí ibẹ̀ ti ga mọ kò tó láti yí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn padà.

Ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1968 ni ó la gbogbo ayé lójú. Ìlú Mẹ́síkò ga tó mítà 2,240; afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, ọ́síjìn tí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ sì dín kù. Kip Keino ti Kẹ́ńyà gba ìdíje mítà 1,500, Mamo Wolde ti Ethiópíà gba ti máráthọ́ọ̀nù. Ọmọ ilẹ̀ gíga ni àwọn méjèèjì. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, Jàpáànù fi 3–1 na Nàìjíríà, Sípéènì fi 3–0 nà á, kí ó tó bá Bràsíl ta ọ̀mì 3–3. A kò lè di gbogbo ẹ̀bi náà ru òkè, nítorí àlejò ni àwọn yòókù náà níbẹ̀.

Ní October 13, 2013, ní Addis Ababa tí ó ga ju mítà 2,300 lọ, Ethiópíà ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ṣùgbọ́n Emmanuel Emenike gbá méjì, èkejì nígbà tí eré ń parí lọ. Ilẹ̀ gíga kì í ṣe ohun tí a kò lè borí. Bí àyè bá wà, kí eléré dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú, kí ara lè pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa sí i. Kí ó dín ìdánrawò kù ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí ó sì máa mu omi. Bí orí fífọ́ àti èébì bá ń le sí i, kí ó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Èkìtì gan-an. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó ní ẹ̀jẹ̀ AS. Ara wọn a máa le nílé, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ gíga ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú wọn lè dà bí dòjé, kí ìrora líle sì mú wọn ní ìhà òsì. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ eré mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ní, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ náà lọ dókítà, kí wọn tó wọ ọkọ̀ òfúrufú.