Igbó Lekki: Erékùṣù Àwọn Ẹranko Láàrin Ilé

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Àgbàdo tàbí ní Mowé lónìí, tó la Èkó kọjá títí ó fi bọ́ sí ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, ilé ni yóò máa rí jálẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ yìí kan náà, igbó kan ṣì wà. Igbó gidi ni: àbàtà wà nínú rẹ̀, ọ̀bọ ń fò láti orí igi kan sí òmíràn, ọ̀nì ń sápamọ́ sínú omi, awọ́nrínwọ́n sì ń wọ́ lọ lábẹ́ ewé. Lekki Conservation Centre ni orúkọ rẹ̀, hẹ́kítà 78 péré sì ni. Kò ṣèèṣì ṣẹ́ kù. Àwọn kan ló dá a sí kí ilé tó dé.

Èrò pé kí òfin máa dáàbò bo igbó kì í ṣe tuntun. Ní erékùṣù Tobago, lápá Òkun Kàríbíà, ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan lára irú òfin bẹ́ẹ̀ tó pẹ́ jù lọ láyé, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1776. Lákòókò náà, àwọn òyìnbó ń gé igbó lulẹ̀ láti gbin ìrèké, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n sì ń fi ṣiṣẹ́ oko. Onímọ̀ kan, Stephen Hales, ti kọ́ni pé igi àti òjò kò ṣe é yà nípa. Soame Jenyns, aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, kò sì sinmi títí wọ́n fi ya igbó orí òkè ibẹ̀ sọ́tọ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ ẹyẹ ló mú wọn ṣe é. Ọ̀dá òjò ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Síbẹ̀, ẹyẹ jẹ nínú èrè rẹ̀. Lọ́dún 1963, ìjì líle tí wọ́n pè ní Flora bo Tobago, ó sì wó igi lulẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹyẹ kékeré kan tí ń fa oje òdòdó mu di àwátì níbẹ̀. Wọ́n rò pé ó ti run. Ní 1974 ni wọ́n tún rí i. Nítorí pé òfin kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ibi tí ìjì wó di oko, igi hù padà, ẹyẹ náà sì rí ibùgbé. Lónìí, àwọn àlejò ń sanwó láti wá wò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ erékùṣù ti yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ gbalasa nìyí: ẹranko tó bá tán níbẹ̀, kò sí èyí tí yóò fẹsẹ̀ rìn wá rọ́pò rẹ̀. Ẹyẹ dodo ti erékùṣù Mauritius jẹ́rìí sí i. Àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Netherlands gúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún 1598. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, dodo ti di ìtàn.

Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn baba ńlá ti ń dá igbó sí kí òyìnbó tó dé. Igbó orò, igbó ọba àti igbó òrìṣà kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni lè gbé àdá wọ̀ bó ṣe wù ú. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi hẹ́kítà 75, ṣì dúró títí di òní, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Èèwọ̀ ni ọgbà tí wọ́n fi sọ ọ́.

Ti ìjọba amúnisìn gba ọ̀nà mìíràn wá. Lọ́dún 1887, Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ìwádìí irúgbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́tta. Ní 1899, wọ́n ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀ létí odò Ògùn. Ọdún 1901 ni ojú irin tó ti Èkó gba Àgbàdo, Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta kọjá wọ Ìbàdàn. Igbó Omo ní ìhà Ìjẹ̀bú tẹ̀ lé e ní 1925. Gẹdú ló wà lọ́kàn ìjọba ju ẹranko lọ, ẹni tó bá sì gé igi nínú igbó tí baba rẹ̀ ń dẹ lè di ọ̀daràn. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo igbó ọba bí ohun tí kì í ṣe tiwọn. Erin ṣì wà ní Omo, ṣùgbọ́n àwọn agégẹdú àti olóko kòkó ń fún un lọ́rùn.

Lekki yàtọ̀. Olóyè Shafi Lawal Edu, oníṣòwò ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bí lọ́dún 1911, ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tó dá ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1990, ẹgbẹ́ náà dá ibùdó Lekki sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ Chevron sì fi owó tì wọ́n lẹ́yìn. Ọ̀sà wà ní àríwá ilẹ̀ náà, òkun wà ní gúúsù. Ní 2015, wọ́n parí afárá tó gba orí igi kọjá, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Láti orí rẹ̀, ọmọ ilé ìwé tí kò rí ọ̀bọ rí àfi nínú ìwé lè rí i lójúkojú.

Ṣùgbọ́n ilé ti yí igbó náà ká báyìí, ó ti di erékùṣù. Òfin tó pa dodo ti ba lé e lórí: ọ̀bọ tó bá tán níbẹ̀, títì márosẹ̀ kò ní jẹ́ kí òmíràn wá. Igbó kékeré tó dá wà gbọ́dọ̀ ní olùṣọ́ lójoojúmọ́.

Odò Ògùn tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olókèméjì náà ló ń ṣàn gba ẹ̀kùn Mowé àti Ìbàfò kó tó dé ọ̀sà Èkó. Àbàtà etí rẹ̀ ni omi máa ń sinmi sí nígbà òjò, ibẹ̀ náà ni ẹyẹ odò ti ń jẹ. Àwọn onílẹ̀ ń tà á ní púlọ́ọ̀tì, àwọn tó rà á ń da iyanrìn sí i, omi tí kò ríbi sinmi mọ́ sì ń wọlé tọ onílé. Olóko ìrèké Tobago kò fẹ́ràn ẹyẹ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun nílò òjò. Kò di dandan kí ará Ìbàfò fẹ́ràn ẹyẹ kó tó dá àbàtà sí. Kó ṣáà ti fẹ́ràn ilé rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù létí odò náà kò pọ̀, ọjọ́ tí a óò dá a sí sì ni ọjọ́ tí ó ṣì wà.