Ta Ni Ó Ni Àga? Ẹkùn Ìdìbò Kẹrìndínlógóje ní Georgia

Ní ọdún 1965, ẹkùn ìdìbò kékeré kan wà ní ìlú Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nǹkan bí 6,500 ni àwọn olùdìbò ibẹ̀. Nǹkan bí 6,000 nínú wọn ni ó sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹkùn Kẹrìndínlógóje ni ìwé ìjọba ń pè é. Kí ọdún 1966 tó parí, àwọn ará ẹkùn yìí ti yan ẹnì kan ṣoṣo ní àyàntúnyàn, Ilé Aṣòfin sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí á mọ bí wọ́n ti ń pín àga aṣòfin ní Georgia àtijọ́. Kaúńtì 159 ni ó wà níbẹ̀, èyí tí ó fara jọ ìjọba ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà. Kaúńtì mẹ́jọ tí èrò pọ̀ sí jù ní aṣòfin mẹ́ta mẹ́ta. Ọgbọ̀n tí ó tẹ̀ lé wọn ní méjì méjì. 121 tí ó kù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nínú ìkànìyàn ọdún 1960, Fulton, níbi tí ọ̀pọ̀ jù lọ ìlú Atlanta wà, ní ènìyàn 556,326. Echols ní 1,876. Síbẹ̀ mẹ́ta ni ti Fulton, ọ̀kan ni ti Echols. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ yóò rí i pé ohùn ará Echols kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ará Fulton 99. Ìrẹ́jẹ gbáà ni, kò sì ní orúkọ mìíràn. Ní ọdún 1964 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé iye ènìyàn ni kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa fi pín àga. Láti inú àtúnpín yìí ni a ti bí Ẹkùn Kẹrìndínlógóje.

Ìdìbò àkọ́kọ́ wáyé ní oṣù kẹfà ọdún 1965. Julian Bond, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ní ìbò 2,320. Malcolm Dean, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, ní 487. Aláwọ̀ dúdú mẹ́jọ ni ó wọlé sí Ilé náà ní ọdún yẹn.

Bond ni ó ń bójú tó ìkéde fún SNCC, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú. Ní ọjọ́ 3, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1966, wọ́n pa ọmọ ẹgbẹ́ náà kan, Sammy Younge, ní Tuskegee ní ìpínlẹ̀ Alabama, nítorí pé ó fẹ́ lo ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó. Ní ọjọ́ kẹta sí i, ẹgbẹ́ náà kéde pé àwọn lòdì sí ogun Vietnam. Akọ̀ròyìn kan bi Bond bí ó bá fara mọ́ ọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kan náà, nígbà tí àwọn aṣòfin dìde láti búra, akọ̀wé Ilé ní kí Bond yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ẹni tí ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè fi òótọ́ inú búra sí òfin ìpìlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò, 184 ni kò gbà á. 12 péré ni ó gbè é lẹ́yìn. Àṣà àtijọ́ ni èyí jẹ́ ní Georgia: ní ọdún 1868, ilé aṣòfin kan náà lé àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìlú yàn jáde, ó sì di ọdún 1870 kí wọ́n tó padà. Wọ́n fi ẹkùn náà joyè àwòdì, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ gbé adìẹ.

Bond gba ilé ẹjọ́ lọ. Martin Luther King, tí òun náà jẹ́ olùdìbò ní ẹkùn yìí, bá a pe ẹjọ́ náà. Adájọ́ méjì nínú mẹ́ta dá Ilé Aṣòfin láre ní oṣù kejì. Wọ́n sì ní ẹjọ́ náà kò kan King. Èyí ni ó ṣòro láti gbà jù. Bí àga bá ṣófo, ta ni ó kàn bí kò ṣe ẹni tí ó dìbò?

Gómìnà pàṣẹ àtúndì ìbò, Bond wọlé. Ní oṣù karùn-ún, ìgbìmọ̀ Ilé kan ní kí ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó kọ̀, wọ́n tún tì í síta. Nígbà tí ìdìbò gbogbogbòò dé ní ìparí ọdún, àwọn ará ẹkùn náà tún yàn án.

Ní ọjọ́ 5, oṣù kejìlá, ọdún 1966, gbogbo adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi ohùn ṣọ̀kan pé Bond jàre. Adájọ́ Àgbà Earl Warren ni ó kọ ìdájọ́ náà. Ó ní Ilé kò lè fi ìbúra wádìí ohun tí ó wà nínú ọkàn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó sì yẹ kí aṣòfin sọ èrò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí ó le, kí àwọn tí ó rán an níṣẹ́ lè mọ ibi tí ó dúró sí. Níbí nìkan ni ìdájọ́ náà ti rántí àwọn olùdìbò. Ẹ̀tọ́ Bond láti sọ̀rọ̀ ni ó gba ìyókù.

Bond búra ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967. Ó wà nínú Ilé náà títí di ọdún 1975, kí ó tó kọjá sí Ilé Aṣòfin Àgbà ìpínlẹ̀ náà, níbi tí ó wà di ọdún 1987. Ṣùgbọ́n ìjókòó Ilé ti ọdún 1966 ti kọjá lọ. Wọ́n ti ṣòfin, wọ́n sì ti tú ká, láìsí ẹnì kan nínú Ilé tí ó gbẹnu sọ fún Ẹkùn Kẹrìndínlógóje.