Àbùùbùtán: Ìtàn Etí Òkun Èkó àti Ìmúrasílẹ̀ Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó tún kàn sí yín. Ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń máàkì. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá ìgbàlejò wa ní Gowon Estate, ṣùgbọ́n etí òkun ni yóò parí sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Wọ́n ń wo ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀dá òkun ńlá kan, aláwọ̀ dúdú àti funfun, ti ń fò sókè láti inú adágún omi tí a fi sìmẹ́ńtì mọ, tí èrò sì ń pàtẹ́wọ́. Èyí tó kéré jù nínú wọn bi mí pé, "Dádì, kí ni orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá?" Mo ní àbùùbùtán ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí n mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti lè rí i, kí a lọ láàárọ̀, kí a dé lálẹ́. Kí n tó dáhùn, ìyá mi tí mo rò pé ó ti sùn lórí àga lanu, ó ní, "Báà Bíìṣì ni kí o kó wọn lọ. Èmi náà á bá yín lọ. Ibẹ̀ ni èmi àti bàbá rẹ ti ya fọ́tò ní 1976."

Ìyàwó mi wò mí, èmi náà wò ó. Ta ni yóò sọ fún Màmá pé Báà Bíìṣì tó mọ̀ kò sí mọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bí a bá tú àbùùbùtán palẹ̀, à-bù-ì-bù-tán ni a óò rí: ohun tí a ń bù, tí a ń bù, tí a kò lè bù tán. Ìhun kan náà ló wà nínú àwíìwítán. Fáwẹ́lì ì tó wà láàrin ló ń ṣiṣẹ́ ìyísódì. Àrànmọ́ ló sọ ọ́ di ù nínú àbùùbùtán. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ẹ̀dá yìí lórúkọ kò wo bí ó ṣe ń fò tàbí bí ó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Títóbi rẹ̀ ló wò: ẹran tí gbogbo ìlú lè gbé ọ̀bẹ lọ bá tí yóò sì tún ṣẹ́kù. Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ ka ẹ̀dá aláwọ̀ méjì tí àwọn ọmọ rí mọ́ ìdílé dolphin, ṣùgbọ́n orúkọ àbùùbùtán kò ṣàì bá a mu. Ojú tí a fi wo ẹran náà ni a fi wo etí òkun Èkó pẹ̀lú. A rò pé kò lè tán.

Irú ọgbà tí àwọn ọmọ rí náà kò tíì pẹ́ láyé. Marine Studios tó ṣí ní Florida ní 1938 wà lára àwọn àkọ́kọ́, yíya fíìmù lábẹ́ omi sì ni àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ ní lọ́kàn. SeaWorld ṣí ní San Diego ní 1964. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, uShaka Marine World ṣí ní Durban ní 2004. Nígbà tí fíìmù Blackfish jáde ní 2013, ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá ó tọ́ láti há ẹ̀dá tó ń rin òkun já mọ́ inú adágún. Ní 2016, SeaWorld kéde pé òun kò ní í mú kí wọ́n máa bímọ nínú ọgbà òun mọ́. Ní ti Èkó, òkun fúnra rẹ̀ ni ọgbà ìgbafẹ́ wa. Àbùùbùtán pàápàá kò jìnnà sí wa: láàrin oṣù Kẹjọ sí oṣù Kọkànlá, irú èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní humpback a máa wá sí òkun orílẹ̀-èdè Benin láti bímọ àti láti tọ́ ọmọ. Kò sí ẹni tó ń sanwó fún wọn láti fò.

Ṣùgbọ́n ibo ni a óò dúró sí kí a tó lè wo òkun? Ìtàn gan-an nìyí.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọ Èkó. Níbi tí ọ̀sà ti ń tú sínú òkun, iyanrìn gbá jọ lábẹ́ omi, ó di òkìtì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bar. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ni orúkọ Bar Beach ti wá. Ọ̀rọ̀ náà kò kan ilé ọtí rárá. Òkìtì yìí a máa ṣípò, ewu ńlá ló sì jẹ́ fún ọkọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ ńlá yóò dúró sójú agbami, a óò sì fi ọkọ̀ kéékèèké kó ẹrù àti èrò wọlé. Èrò a jókòó sínú àpótí onígi kan, a óò fi okùn sọ wọ́n kalẹ̀ láti ara ọkọ̀ ńlá sínú èyí tó kéré, ìgbì a sì máa jù wọ́n síwá sẹ́yìn. Ẹrù mìíràn ní láti kọ́kọ́ lọ sí Forcados kí a tó fi ọkọ̀ mìíràn kó o wá sí Èkó.

Nígbà tí ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì tún ń nà lọ sí Òkè Ọya, ìjọba amúnisìn rí i pé èbúté tí ọkọ̀ kò lè wọ̀ kò lè gba ẹrù tó ń bọ̀. Láàrin 1908 sí 1912, wọ́n to òkúta ńláńlá sínú òkun, wọ́n fi ṣe ògiri, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn ẹnu èbúté, èkejì ní ìlà-oòrùn. Ọgbọ́n náà gbéṣẹ́. Omi gba àárín ògiri ṣàn, ó gbá iyanrìn lọ, ẹnu ọ̀nà jìn, ọkọ̀ ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Èkó tí a mọ̀ lónìí kò bá má rí bẹ́ẹ̀ láìsí iṣẹ́ yìí.

Ohun tí wọ́n fi san án ni iyanrìn. Iyanrìn etí òkun wa kì í dúró sójú kan. Ìgbì tó ń wá láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn a máa tì í lọ sí ìlà-oòrùn látọdún dé ọdún. Èyí tí ìgbì bá kó lọ lónìí, ìgbì mìíràn a kó òmíràn wá dípò rẹ̀. Ìyẹn ló mú kí etí òkun dà bí àbùùbùtán: bíbù ni wọ́n ń bù ú, ṣùgbọ́n wọ́n ń dá a padà. Ògiri ìwọ̀-oòrùn ló dá ìdápadà náà dúró. Ilẹ̀ ń pọ̀ sí i ní ìhà Lighthouse Beach. Ní ìhà kejì, Bar Beach ń pàdánù láìrí ohun tí yóò fi dípò. Láàrin 1900 sí 1959, òkun jẹ ju kìlómítà kan lọ nínú ilẹ̀ tó sún mọ́ ògiri ìlà-oòrùn. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba ti ń wa iyanrìn dà síbẹ̀. Wọ́n tún ṣe é ní 1974 sí 1975, ní 1981, ní 1985 sí 1986, àti ní 1990 sí 1991. Bí wọ́n ti ń dà á ni òkun ń kó o.

Síbẹ̀, nígbà tí ìyá mi dé Èkó ní 1973, Bar Beach ni ọgbà ìgbafẹ́ mẹ̀kúnnù. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ọjọ́ Iléyá, ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń dà sí. Àwọn ẹlẹ́ṣin ń gbé ọmọdé gun ẹṣin, àwọn onísúyà ń fẹ́ná, àwọn onífọ́tò ń wá oníbàárà kiri, àwọn aláṣọ funfun sì wà lápá kan tí wọ́n ń gbàdúrà pẹ̀lú àbẹ́là. N kò ní fi apá kan ìtàn pamọ́: ní etí òkun yìí kan náà ni ìjọba ológun ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní gbangba ní 1971, tí èrò ń rọ́ lọ wò ó bí ẹni lọ wo eré. Ishola Oyenusi wà lára àwọn tí a pa níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ìyá mi ní bàbá mi kò jẹ́ gbà láti lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ ìbọn. Ọjọ́ ọdún ni wọ́n ń lọ. Nínú fọ́tò 1976 náà, Màmá wọ bùbá àti ìró, bàbá mi gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn wọn àfi omi.

Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó Màrókò, ibùgbé nǹkan bí 300,000 ènìyàn, kò sì pẹ́ tí iye owó ilẹ̀ etí omi fi kọjá agbára òṣìṣẹ́. Nígbà tó yá, ètò Eko Atlantic bẹ̀rẹ̀: a óò kó òkúta di odi sínú òkun, a óò fi iyanrìn kún ẹ̀yìn rẹ̀, a óò sì kọ́ ìlú tuntun tí yóò tó nǹkan bí kìlómítà 10 níbùú lóròó. Ní oṣù Kejì 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan àti Bill Clinton wà níbi ayẹyẹ rẹ̀. Òdodo gbọ́dọ̀ wà nínú ìtàn: omi òkun tó máa ń bo òpópónà Ahmadu Bello dẹ́kun, ilẹ̀ tí òkun sì ti jẹ di ilẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó padà wá kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn mọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2012, òkun ya wọ Kúrámọ̀, ó sì pa ènìyàn. Ní 2024, a wó ọ̀pọ̀ ilé ìtajà àti ibi ìgbafẹ́ ní Landmark Beach láti fàyè gba ọ̀nà tí yóò gba etí òkun lọ sí Calabar.

Ẹ wá wo ibi tí àwa ń gbé. Gowon Estate, tí a fi orúkọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon sọ, ẹni tó jẹ olórí orílẹ̀-èdè yìí láti 1966 di 1975, wà ní Alimọ́ṣọ́. Ètò ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí. Kò sí èyí tó kan òkun nínú ilẹ̀ rẹ̀. Bí etí òkun tí kò ní géètì bá tán ní Èkó, àwọn ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá, Ìkọ̀tún àti Ìgàndó yóò máa gbé ní ìlú òkun láìfojú kan òkun.

Nítorí náà, mo mú bébà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò. Àwọn etí òkun Lẹ́kí ń bẹ, ṣùgbọ́n ìgbà mélòó ni ènìyàn mẹ́fà yóò sanwó kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan iyanrìn? Àgbádárìgì dára, ọ̀nà LASU gbé wa súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni ìtàn ẹrú tó wà níbẹ̀ ń fẹ́. Èyí tí mo mú ni Tarkwa Bay. A óò jí ní aago 5, a óò gba Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó já sí Ìyànà-Ìba, a óò dé Mile 2, a óò wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án 2023 lọ sí Marina, kí a tó wá ọkọ̀ ojú omi. Olúkúlùkù yóò wọ ẹ̀wù tí í mú ni léfòó, Màmá pàápàá. Omi Tarkwa Bay rọlẹ̀ fún ọmọdé nítorí pé ògiri òkúta èbúté ń gbà á lọ́wọ́ ìgbì. Iṣẹ́ kan náà tó pa Bar Beach ló fún wa ní ibí yìí. Ibí yìí náà kò sì ṣàì ní ẹjọ́ tirẹ̀: ní oṣù Kìíní 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùgbé kúrò níbẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Mo ya ògiri méjèèjì sórí bébà, mo fi ọfà ṣàpèjúwe ìrìn iyanrìn, mo fi ìka tọ́ka sí ibi tí òun àti bàbá mi dúró sí. Mo ní láti Tarkwa Bay, yóò rí apá ibẹ̀ lódìkejì omi, àwọn ilé gíga ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó wo bébà náà pẹ́. Ó ní, "Nígbà tiwa, a kì í sanwó wo òkun. Èló ni wọ́n ń gbà níbi tí ẹ fẹ́ lọ yìí?"

Mo sọ iye tí mo gbọ́ fún un. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n má sì gbàgbé láti mú fọ́tò náà dání.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ bi àwọn òbí yín léèrè ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí òkun, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gbàgbé. Ìrántí kì í ṣe àbùùbùtán.