Òpó Tí Ọwọ́ Lè Tó

Ní ayé àtijọ́, obìnrin tí ọkọ ń lù kò ṣàìní ibi ìsádi. Ní Abẹ́òkúta àti ní ìlú Yorùbá mìíràn, ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àṣà kan wà tí à ń pè ní dìpómú. Obìnrin tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́ yóò sá lọ sí ààfin tàbí sí ilé ìjòyè ńlá, yóò sì di òpó ilé náà mú. Láti ìgbà náà, ọkọ kò gbọdọ̀ fi agbára wọ́ ọ jáde. Ọ̀rọ̀ wọn ti di ti ìdájọ́.

Ṣùgbọ́n àṣà náà ní àbùkù. Obìnrin mìíràn bọ́ lọ́wọ́ ọkọ, ó tún kó sí abẹ́ ìjòyè tí ó gbà á sílẹ̀. Ti ìdílé bàbá sì ni ọmọ í ṣe: ìyá lè di òpó mú, kí ọmọ kù sẹ́yìn.

Bí ọmọ náà bá jẹ́ aláàbọ̀ ara ńkọ́? Àwọn àgbà a máa pe abuké, àfín àti arọ ní ẹni òrìṣà, nítorí wọ́n gbà pé Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, òrìṣà ni ó fi ṣẹ̀sín. Síbẹ̀, ọ̀wọ̀ yìí kò gba ìyá wọn sílẹ̀. Títí di òní, nínú ilé púpọ̀, ìyá ni à ń bi pé kí ni ó ṣe tí ọmọ fi rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè náà a sì máa di ẹgba.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Ọ̀tà, ìlú Àwórì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó wà níbẹ̀ àti ní Sàngó ti fa àlejò láti ibi gbogbo. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 526,565 ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Ayálégbé tí ẹbí rẹ̀ wà ní ọ̀nà jíjìn, òpó ta ni yóò dì mú?

Òfin ni òpó òde òní. Ní ọdún 2015, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó ka lílu aya, líle e jáde nílé, àti kíkọ aya òun ọmọ sílẹ̀ láìfún wọn ní ohun jíjẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tirẹ̀ ní 2017. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin aláàbọ̀ ara, tí ó fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún márùn-ún láti tún ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024.

Òfin sàn ju òpó àtijọ́ lọ, nítorí kò fa obìnrin lé ọkùnrin mìíràn lọ́wọ́, ó sì ka ọmọ mọ́ ìyá. Ohun kan ni òpó àtijọ́ fi jù ú: ọwọ́ tó o. Ìyá tí ó pọn ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò lè rìn kò lè gun àtẹ̀gùn ilé-ẹjọ́ lójoojúmọ́. Odi tí a lù kò lè ro ẹjọ́ rẹ̀ fún ọlọ́pàá tí kò gbọ́ èdè ọwọ́. Ẹni tí ó jẹ́ pé ọwọ́ tí ń lù ú náà ni ó ń bọ́ ọ kò lè fi ẹnìkan sùn láìmọ ibi tí òun àti ọmọ yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí òfin ṣe iṣẹ́ òpó, ògbufọ̀ èdè ọwọ́, ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà, àti ilé ìsádi tí kò ya ìyá kúrò lọ́dọ̀ ọmọ ni a ní láti pèsè. Àwọn bàbá wa ri òpó tiwọn mọ́ ibi tí ẹni tí ń sá lè dé. Ó yẹ kí àwa náà ri tiwa mọ́ ibẹ̀.